Ṣàgámù, ìlú mẹ́tàlá nínú ìlú kan: ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi wá lórí orúkọ àti ààlà àdúgbò

Àwọn àna wa, àwọn tó wá ra ilẹ̀, àwọn kọ́pà tí ìjọba gbé wá síbí tí wọn ò mọ Òfin yàtọ̀ sí Màkún, àtàwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Èkó tí bàbá wọn ò ráyè jókòó sọ ìtàn fún, ohun kan náà ni gbogbo yín máa ń bi wá. Mo ti kó o jọ síbí. Ẹni tó fẹ́ ka gbogbo ẹ̀ kó kà á, ẹni tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan ló gbé e wá kó sáré lọ sísàlẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ìlú mẹ́tàlá ni Ṣàgámù?

Òótọ́ ni, kì í ṣe àsọdùn. Ní 1872 ni wọ́n kóra jọ síbi tá a wà yìí. Àwọn ìlú náà nìyí: Màkún, Òfin, Ṣónyìndó, Ẹ̀pẹ́, Ìbídó, Ìgbẹ̀pá, Adó, Oko, Ìpójí, Batoro, Ìjòkú, Látawà àti Ìjagbà. Kálukú wọn ló ti wà láyè ara ẹ̀ kó tó di pé wọ́n jọ dó síbì kan, wọ́n ní ilé, wọ́n ní oko, wọ́n ní ọjà, wọ́n ní ẹni tí wọ́n ń wárí fún.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ẹnu yín tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà. Tẹ́ ẹ bá lọ sọ fún bàbá ọmọ Màkún pé "àdúgbò yín tó wà ní Ṣàgámù", ó lè má bínú, àmọ́ á tún un sọ fún yín: Màkún ti wà kí Ṣàgámù tó wà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìlú ló kọ́kọ́ wà kí wọ́n tó pín in sí àdúgbò. Tiwa kọ́ nìyẹn. Àwọn àdúgbò ló bí ìlú níbí, tẹ́ ẹ bá ti fi èyí sọ́kàn, ìdajì àwọn ìbéèrè yín ti bọ́ nílẹ̀.

Kí ló lé wọn kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀?

Ogun ni, kí ló tún lè jẹ́? Ẹ wo ibi tí Rẹ́mọ, ilẹ̀ tí Ṣàgámù wà nínú ẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wà ná. Ìbàdàn wà lókè, Ẹ̀gbá wà lápá kan, Ìjẹ̀bú-Òde wà lápá kejì, ọ̀sà wà nísàlẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó iyọ̀ tàbí ìbọn àti ẹ̀tù láti etí omi lọ sí òkè, ilẹ̀ wa ló máa gbà kọjá. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, tí Ìbàdàn kọjú ìjà sí Ìjàyè, tí Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ojú ọ̀nà yìí di nǹkan tí gbogbo wọn ń jà lé lórí, àwọn ìlú Rẹ́mọ tó jẹ́ pé òwò ni tiwọn bọ́ sí àárín. Ìjàyè tú ní 1862 àmọ́ ìjà ò tán. Ní 1865, Ẹ̀gbá lọ dó ti Ìkòròdú, ọpẹ́lọpẹ́ sójà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà l'Ékòó rán lọ ló lé wọn kúrò níbẹ̀.

Ìlú kéékèèké tó dá wà nínú igbó, kí ló fẹ́ ṣe sí ogun tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìbọn? Wọ́n rò ó papọ̀ pé ká kúkú jókòó síbì kan. Ibi tí wọ́n yàn ní omi, odò Ìbú wà níbẹ̀, odò Eruwuru náà wà níbẹ̀, èyí ò sì kéré fún ìlú mẹ́tàlá tó ń kó obìnrin, ọmọ, ewúrẹ́ àti òrìṣà rìn lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ló dé tó jẹ́ Òfin ni ààfin Akárìgbò wà?

Torí pé ọba Òfin ni Akárìgbò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Ṣàgámù, kò sẹ́ni tó ju oyè ẹ̀ nù sójú ọ̀nà. Òfin gbé Akárìgbò dé, Màkún gbé Ewùsì dé, Ẹ̀pẹ́ gbé Ẹlẹ́pẹ́ dé, bẹ́ẹ̀ náà làwọn tó kù. Òṣùgbó náà bá wọn dé, kálukú pẹ̀lú ilédì tiẹ̀. (Ohun táwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ń pè ní Ògbóni ni Òṣùgbó lọ́dọ̀ wa, kẹ́ ẹ má baà rò pé nǹkan mìíràn ni.) Akárìgbò wá di ọba lórí gbogbo Rẹ́mọ, torí ẹ̀ lẹ ṣe ń gbọ́ "Akárìgbò ilẹ̀ Rẹ́mọ" tí kì í ṣe "Akárìgbò Òfin". Ọba Babátúndé Adéwálé Àjàyí ló wà lórí ìtẹ́ báyìí, láti 2017.

Ẹ máa gbọ́ àríyànjiyàn lórí ta ló jù ta lọ, ta ló kọ́kọ́ dé, ta ló ní kí ta wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, mi ò ní dá sí i, àwọn ẹbí mi pọ̀ ní ìhà méjèèjì, mo sì ṣì fẹ́ máa jẹ ìrẹsì níbi ìnáwó wọn.

Ibo gan-an ni ààlà wà? Mo rìn láti ọjà dé ààfin, mi ò rí síńbọ́ọ̀dù kankan.

Ẹ ò ní rí i. Ẹni tó bá ń wá ààlà Ṣàgámù lójú títì ń wá ohun tí ò sí níbẹ̀. Ilé ti wọnú ilé, títì ti la agbo ilé já, gọ́tà ti gba ibi tí ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ wà nígbà kan. Ara èèyàn ni ààlà wà. Ta lẹ máa ń lọ ràn lọ́wọ́ tí òkú bá ṣẹlẹ̀? Orò ìlú wo ló ń ké tí ìyá yín fi ń tilẹ̀kùn? Àgbà ìlú wo ló máa ń wá sọ pé owó àdéhùn ìlú kàn yín? Ìdáhùn mẹ́ta yìí á sọ ìlú yín fún yín ju máàpù lọ.

Ẹ wo pátákó òkú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọn kì í kọ "ọmọ Ṣàgámù" kí wọ́n dákẹ́ síbẹ̀, àfi tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ò bá mọ nǹkan tó ń ṣe. Wọ́n á kọ orúkọ olóògbé, wọ́n á kọ agbo ilé, wọ́n á kọ ìlú nínú mẹ́tàlá, ìgbà yẹn ni Ṣàgámù máa tó kàn nísàlẹ̀, lẹ́tà kékeré. Níbi ìdána náà bẹ́ẹ̀ ni: alága ìjókòó á ní "ìdílé wo lẹ ti wá?", tí alága ìdúró bá fèsì pé Ṣàgámù, àwọn ìyàwó ilé tó wà lẹ́yìn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, "Ṣàgámù ibo?"

Oko ni ti ẹ̀ yàtọ̀. Lóko, ààlà ṣeé fojú rí: odò, ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́, àti pèrègún. Pèrègún kì í tètè kú, ẹ gé e lónìí, á tún rú, ìdí tí wọ́n fi ń fi í pààlà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí i tó tò lọ gbọọrọ nínú igbó níbi tí kò sí ilé kankan, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti bá ẹnì kan jà níbẹ̀ rí, wọ́n sì ti parí ẹ̀.

Ṣé wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń dìbò fún ni àwọn ìlú mẹ́tàlá yìí?

Rárá o, ibi tọ́rọ̀ ti máa ń dàrú fáwọn ọ̀dọ́ nìyí. Wọ́ọ̀dù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, ẹ gbọ́ orúkọ wọn: Oko/Ẹ̀pẹ́/Ìtùlà kìíní, Oko/Ẹ̀pẹ́/Ìtùlà kejì, Ayégbàmí/Ìjókùn, Sábó kìíní, Sábó kejì, Ìsokùn/Oyèbájò, Ìjagbà, Látawà, Ọ̀dẹ Lẹ́mọ, Ògijo/Likosi, Sùúrùlérè, Isote, Símáwà/Iwelepe, Agbówà, àti Ìbídó/Ìtùwà/Alárá.

Ó yá, ẹ wá Òfin nínú ẹ̀. Ẹ wá Màkún. Ẹ ò rí i, àbí? Ìlú tí ààfin Akárìgbò wà gan-an àti ìlú Ewùsì, kò sí èyí tó bọ́ sínú orúkọ wọ́ọ̀dù. Sábó tó jẹ́ àlejò ló wá ní méjì. Ìṣirò iye olùdìbò ni wọ́ọ̀dù ń tẹ̀lé, kò bá ìtàn ìlú ṣe pọ̀, wọ́n kó Oko àti Ẹ̀pẹ́ pọ̀, wọ́n tún wá la àpapọ̀ ẹ̀ sí méjì, wọ́n da Ìbídó pọ̀ mọ́ Ìtùwà àti Alárá. Lójú tèmi kò burú torí ìbò ni wọ́n fi ń ṣe, ohun tó burú ni kí ọmọ ogún ọdún máa sọ pé "wọ́ọ̀dù báyìí ni mí" tí wọ́n bá bi í léèrè ìlú ẹ̀.

Ẹni tó rí Oyèbájò nínú orúkọ yẹn tó rò pé orúkọ igbó ni, orúkọ Akárìgbò ni. Mo máa tó dárúkọ ẹ̀ nísàlẹ̀.

Sábó ńkọ́? Òun náà ṣe wà láàárín wa?

Obì ló gbé e dé. Ilẹ̀ Rẹ́mọ gba obì gan-an, Ṣàgámù sì di ibi tí wọ́n ń kó o jọ sí kí tírélà tó gbé e lọ sókè ọya. Obì méjì ló wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: àbàtà tó láwẹ́ púpọ̀ ni tiwa, òun la fi ń bọ òrìṣà tá a fi ń ṣe ìsọmọlórúkọ, gbànja aláwẹ́ méjì làwọn Haúsá fẹ́ràn jù, òun lowó wà nínú ẹ̀. Àwọn obìnrin wa á jókòó sórí àpótí, wọ́n á bọ́ èèpo obì, wọ́n á ṣà á níkọ̀ọ̀kan, èyí tó ní kòkòrò lọ́tọ̀, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, wọ́n á wá fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kó má baà gbẹ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yìí ni ìyá ẹ̀ fi rán an nílé ìwé mọ bí àwọ̀ obì ṣe máa ń le lára èékánná.

Àwọn Haúsá tó wá rà á nílò ibi tí wọ́n máa sùn, ibi tí wọ́n máa kírun, ibi tí wọ́n máa jẹun, bí Sábó ṣe dúró nìyẹn, orúkọ kan náà tẹ́ ẹ máa rí ní Ìbàdàn àti láwọn ìlú Yorùbá mìíràn, láti ara "Sabon Gari" tí Haúsá ń pe àdúgbò tuntun. Torí náà Sábó kò sí lára mẹ́tàlá, kò gbé oyè kankan dé láti inú igbó, àmọ́ ó ti pẹ́ níbẹ̀, ẹ má pè wọ́n lálejò àná. Ní oṣù keje 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá lórí ọ̀rọ̀ Orò, ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n gbẹ̀san ẹ̀ dé Kánò. Àwọn tó wà ńlé nígbà yẹn kì í fi ṣe àwàdà títí dòní, ẹ̀yin náà ẹ má fi ṣe.

Ṣé Ẹ̀pẹ́ ti Ṣàgámù àti Ẹ̀pẹ́ ti Èkó, ọ̀kan náà ni?

Rárá. Adó wa náà kì í ṣe Adó-Èkìtì. Màkún tún wà tí wọ́n ń pè ní Màkún-Omi, lápá omi Ìjẹ̀bú lọ́hùn-ún, ibẹ̀ kọ́ ni ti Ewùsì. Tẹ́ ẹ bá ń fi ẹrù ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ Ṣàgámù tẹ̀lé e.

Sagamu, Shagamu, Ishagamu, èwo ló tọ̀nà?

Ìlú kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ṣ ni lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òyìnbó ò ní àmì tó máa wà nísàlẹ̀ ẹ̀, torí náà àwọn kan fi h sí i, àwọn kan pa á tì. Sagamu ni ìjọba ìbílẹ̀ ń lò. Ìṣàgámù làwọn àgbà máa ń sọ. Mi ò mọ ìdí tẹ́ ẹ fi máa ń jà lórí èyí.

Ìjẹ̀bú ni yín àbí Rẹ́mọ?

Haa. Ẹ jókòó.

Ní 1892 ni Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú-Òde ní Ìmàgbọn. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, ní 1894, Akárìgbò Oyèbájò tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú ìjọba Èkó, Rẹ́mọ bọ́ sábẹ́ ààbò Èkó lọ́tọ̀, láìgba ọwọ́ Awùjalẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ìṣàkóso lẹ́yìn 1914, wọ́n da Rẹ́mọ pọ̀ mọ́ Ìjẹ̀bú, wọ́n ní ká máa jíhìn sí Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn bàbá wa ò gbà. Akárìgbò Adédoyin ló wà lórí oyè, ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1937, adájọ́ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Martindale ló jókòó gbọ́ ọ, tonílé tàlejò ló wá rojọ́. Ní 1938, Rẹ́mọ gba ìṣàkóso ara ẹ̀.

Torí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ "Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ" lẹ́nu ẹnì kan, tí ẹnì kejì sì fajú ro, ọ̀rọ̀ 1938 ló ń ro. Àwọn kan ò ka ìyẹn sí, wọ́n ní ṣebí èdè wa jọra, Òṣùgbó wa jọra, a sì ń fẹ́ra wa. Àwọn kan ní rárá o, Rẹ́mọ ni Rẹ́mọ, ìlú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, pẹ̀lú ọba tiẹ̀. Èmi Rẹ́mọ ni mo máa ń kọ sórí fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kí n jẹ́ Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ yẹn.

Lóde òní, Rẹ́mọ ti pín sí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn: Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, àti Àríwá Rẹ́mọ tí olú ẹ̀ wà ní Ìṣarà.

Ìkòròdú ńkọ́? Wọ́n ní ọmọ Ṣàgámù ló tẹ̀ ẹ́ dó.

Ìtàn Ìkòròdú fúnra wọn sọ pé Ọ̀gà, ọmọ Akárìgbò, ló dó síbẹ̀, níbi oko odù, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti jáde. Àmọ́ ẹ tún gbólóhùn yẹn ṣe díẹ̀. Ìkòròdú ti wà tipẹ́ kí 1872 tó dé, nígbà tí Ọ̀gà fi kúrò nílé, kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ Ṣàgámù. Òfin àtijọ́ ló ti wá. Ẹ wo bí orúkọ ìlú tuntun ṣe máa ń pa tàtijọ́ rẹ́ lẹ́nu èèyàn, títí kan ẹnu àwa tá a ni ín.

Ìkòròdú wá bọ́ sọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1967, àwa wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Western, lẹ́yìn náà Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1976. Ààlà ìpínlẹ̀ wá bọ́ sáàárín Ògijo àti Ìkòròdú, ìyá lápá kan, ọmọ lápá kejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbé Ògijo ń lọ síṣẹ́ l'Ékòó lójoojúmọ́ tí wọn ò sì mọ̀ pé Akárìgbò ni ọba àgbà ilẹ̀ tí wọ́n ń sùn lé lórí.

Ṣé Ìntaséńjì ni àárín ìlú?

Ẹ̀yin èrò Benin! Rárá. Oríta ẹkisipirẹ̀sì nìyẹn, ìlú wà nínú. Ẹni tó ra búrẹ́dì àti gála níbẹ̀ kò tíì dé Ṣàgámù.

Àwọn àdúgbò tuntun ńkọ́, ta ló ń sọ wọ́n lórúkọ?

Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni. Ẹ fi orúkọ wọn wéra ná. Batoro, Ìpójí, Látawà, orúkọ tí ẹ ò lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ kan. Ayégbàmí, Sùúrùlérè, àdúrà ẹni tó kó kúrò nílé bàbá ẹ̀ lọ kọ́ ilé sínú igbó ni. GRA jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1978 kó èèyàn wá láti ibi gbogbo, torí òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ wa, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ náà kó tiẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní ìlú kankan nínú mẹ́tàlá, Ṣàgámù lásán ni wọ́n, àwọn nìkan sì ni Ṣàgámù lásán bá mu.

Mo fẹ́ ra ilẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ ìlú mẹ́tàlá yìí kàn mí?

Ó kàn yín gidi gan-an. Ẹ má kọ́kọ́ bèèrè iye owó. Ẹ bèèrè pé ilẹ̀ ìlú wo nínú mẹ́tàlá, ìdílé wo, ta ni olórí ìdílé, ta ni àwọn ọmọ ìyá ẹ̀. Ibi tí ìyà ti máa ń jẹ oníraja jù ni etí ààlà, níbi tí ìdílé láti ìlú kan ti ta ilẹ̀, tí ìdílé láti ìlú kejì tún jáde pé pèrègún àwọn ni ẹ hú. Mo mọ ẹnì kan tó sanwó ilẹ̀ kan náà fún ìdílé méjì, kó tó wá lè fi bíríkì àkọ́kọ́ lélẹ̀, ìwé ẹ̀ méjèèjì sì dáa lójú lọ́yà.

Ẹ mú sọ̀fíọ̀ yín lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ẹ lọ wo nọ́ńbà ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ náà lọ́dọ̀ ìjọba l'Ábẹ́òkúta bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ bá aládùúgbò tó ti wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyá arúgbó tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ mọ ẹni tó ni ilẹ̀ ju ẹni tó gbé mọ́tò wá mú yín lọ. Kí gbogbo olórí ìdílé tọwọ́ bọ ìwé, kí ọmọ obìnrin ìdílé náà wà níbẹ̀, torí lóde òní àwọn náà ń lọ sí kóòtù, wọ́n sì ń jàre.

Ọmọ mi ní iléèwé ní kóun kọ ìlú bàbá òun. Ṣé kó kọ Ṣàgámù?

Fọ́ọ̀mù ìjọba, ẹ jẹ́ kó kọ Ṣàgámù, ibi tí wọ́n là sílẹ̀ ò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ ní kó kọ Ìgbẹ̀pá, Ṣàgámù, tàbí èyíkéyìí tó bá jẹ́ tiyín. Tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ pe ẹ̀gbọ́n bàbá yín lórí fóònù lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ bèèrè orúkọ agbo ilé pẹ̀lú.